Owó Tí Wọn Kò Ná Mọ́

Ẹni tó dé ìlú onílùú tí kò mọ owó wọn, ọmọdé ni. Ó lè ti kọ́lé nílé, ó lè jẹ́ òun ló ń parí ìjà ládùúgbò. Lọ́jọ́ tó bá dúró níwájú ẹni tó ń ta búrẹ́dì, tó la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, tó ní kí wọ́n ṣa iye tó jẹ́ tiwọn, ó ti di ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó rà. Bó ṣe rí fún obìnrin aránṣọ kan nìyẹn, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kì í rí rẹ́ jẹ nílé. Aránṣọ náà la ó máa pè é.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní Àǹtí, ló mú un lọ sókè òkun, tó sì bá a wá iṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tún aṣọ ibùsùn àti aṣọ iṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ kò ni í lára. Abẹ́rẹ́ kò ní èdè. Owó ló dà á láàmú. Ẹyọ tó tóbi bí ọmọrí ìgò kò lè ra ìṣáná, ẹyọ tó sì kéré bí èékánná ọmọdé, òun ló ń ra oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn ti bébà jọra bí ìbejì: bàbá onírùngbọ̀n kan náà ló ń wo ènìyàn láti ojú gbogbo wọn, bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Kò tún lè ra nǹkan kan láìkọ́kọ́ sọ ọ́ di owó ilé lọ́kàn. Lọ́jọ́ tó ṣírò búrẹ́dì kan, tó rí i pé owó rẹ̀ tó ra ìyá ewúrẹ́ nílé, omi ló mu sùn.

"Máa ṣírò lọ o," ni Àǹtí wí. "Wọ́n á kọ ọ́ sí ojú oórì rẹ pé ìṣirò ló pa á."

Nígbà tó yá, ó dá ọgbọ́n kan. Bébà tó tóbi jù ló máa ń nà sí wọn, kó má baà dúró kà á kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa pòṣé. Ṣéńjì wá ń pọ̀ nínú àpò rẹ̀, ó ń ró ṣìnwìnrìn bó ṣe ń rìn, títí tí okùn àpò náà fi ń ge é léjìká.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bọ́tìnì já lára aṣọ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó lọ wá irú rẹ̀ rà. Òjò ká a mọ́ ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ kan. Ó sá wọ ọ̀nà tóóró kan láàárín ilé méjì, ó sì rí ilẹ̀kùn kan lópin rẹ̀ tí iná pupa rẹ́súrẹ́sú ń jáde níbẹ̀. Dúrọ́ọ̀ kéékèèké ló kún inú ilé náà láti ilẹ̀ dé àjà, wọ́n rán bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú wọn. Obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún jókòó láàárín wọn, ó fi ṣọ́ọ̀lù aláwọ̀ eérú bo èjìká.

"Wọlé, kí òjò má pa ọ́ sára," ni obìnrin náà wí.

Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Èdè ilé ni!

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mo gbọ́ èdè yìí? Mi ò tíì lanu."

"Bí o ṣe di àpò rẹ mú ni. Èmi náà dì í mú bẹ́ẹ̀ rí."

Ó béèrè ìlú Aránṣọ, ìlú náà kò sì jìnnà sí tirẹ̀. Ó ní kó da gbogbo ẹyọ owó àpò rẹ̀ sórí tábìlì, kó sì di ojú.

"Àwọn ará ìlú yìí fi ojú mọ owó wọn nítorí wọ́n bí wọn sí i. Ojú àlejò ni tìrẹ. Àmọ́ ọwọ́ rẹ, ọwọ́ aránṣọ ni. Fi í wá a. Èyí tí etí rẹ̀ ní eyín bí ayùn ńkọ́?"

"Ó wà níbí."

"Kò ra nǹkan kan, má jẹ́ kó fi títóbi dẹ́rù bà ọ́. Èyí tó kéré tó wúwo yẹn ni kí o bọ̀wọ̀ fún. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, èémí rẹ̀ ń rú jáde bí èéfín nítorí òtútù. Nígbà tó délé ló tó rántí pé ti obìnrin náà kò rú, àti pé láti ìgbà tí òun ti wọlé, òun kò gbọ́ ìró òjò mọ́.

Bọ́tìnì tó rà bá aṣọ ẹ̀ṣọ́ mu, ó sì ń padà lọ síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ti fún un láyè díẹ̀ lọ́sàn-án. Oníbọ́tìnì kì í dìde lórí àpótí rẹ̀, oníbàárà mìíràn kì í sì wọlé. Ó fi àwọn bébà han Aránṣọ nínú páànù kan, ó ti ká etí gbogbo wọn: èyí tó kéré, ó ká etí kan, èyí tó ju ìyẹn lọ, ó ká méjì. "Bí iná bá kú, mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Owó ọkọ̀ mi ni. Ìyá mi ń retí mi nílé. Ọkọ mi ní kí n má kánjú." Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ gbólóhùn yẹn, ohùn kan náà, bí ẹni ń kà á lára ògiri.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àpò rẹ ti wúwo jù. Kó irin yẹn fún mi, kí n fún ọ ní bébà." Bébà kan tí ó ká etí rẹ̀ méjèèjì ló nà sí i. Ó tutù bí ẹja.

Bébà yẹn ni Aránṣọ nà sí obìnrin oníbúrẹ́dì, pẹ̀lú ìgboyà, láìwo ẹ̀yìn. Oníbúrẹ́dì gbé e sókè sí iná, ó yí i padà, ó pe ọkọ rẹ̀ láti ìdí ààrò.

"Níbo lo ti rí èyí? Mo ṣì ń lọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti pa á tì. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ owó ní ibùdókọ̀ ojú irin, bóyá wọ́n lè fún ọ ní nǹkan lórí rẹ̀."

Ọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló jókòó lẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀. Ó gba bébà náà láti ojú ihò bí ẹni tó ti gba ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀. Bí ìka rẹ̀ ṣe kan etí tí wọ́n ká yẹn, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ká a báyìí?"

"Obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnì ni."

Ọkùnrin náà ti fèrèsé rẹ̀ pa, ó jáde síta, ó dúró níwájú rẹ̀. Ní èdè ilé, ó sọ̀rọ̀ kélékélé bí ọmọ kékeré: "Má sunkún mọ́. Mo ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ló padà sí èdè ìlú náà. "Ohun tí ìyá mi máa ń sọ nìyẹn bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń ká etí owó. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tó kú."

Àwọn méjèèjì jọ lọ sẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Ọ̀nà tóóró náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ni wọ́n bá lópin rẹ̀, ògiri bíríkì tí ewédò ti hù lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Aránṣọ fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà kò fi í rẹ́rìn-ín.

"Ibí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà," ló wí, "kí wọ́n tó ta ilé náà, tí wọ́n mọ ògiri dí i."

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì sìn ín dé òtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Aránṣọ jáde lẹ́nu iṣẹ́, ó bá a tó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta náà, bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òtútù fi rọlẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n máa ń fún un ní ìjókòó.

Àǹtí kò pẹ́ gbọ́.

"Iṣẹ́ wo ni ọkùnrin náà ń ṣe?"

"Ó ń ṣẹ́wó, Àǹtí."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí. "Ó ń ṣe kí ni?"

"Ó ń pààrọ̀ owó, Àǹtí! Lẹ́yìn gíláàsì, ní ibùdókọ̀."

"Tún ẹnu rẹ ṣe, kí o má pa mí sí àjò. Mú Ará Gíláàsì yẹn wá kí n rí i."

Ará Gíláàsì wá, ó mú òdòdó dání, ó fẹ́ ṣe dáadáa. Kí Àǹtí tó jókòó tán, ó ti kí i ní èdè ilé pé, "Ìwọ, ṣé o ti wẹ ọwọ́ rẹ?"

Àǹtí wo ẹ̀yìn bóyá ọmọdé kan wà níbẹ̀. "Ta lò ń bá wí?"

"Jẹun tán o. Má da ọbẹ̀ sára aṣọ."

Aránṣọ ní láti fà á sẹ́yìn. Ó ṣàlàyé fún Àǹtí pé ọ̀rọ̀ tí ìyá ń bá ọmọ kékeré sọ nìkan ni ọkùnrin náà ní. Àtìgbà tí ìyá ti kú ni èdè náà ti dúró síbi tó dúró sí. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà lọ, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọmọ yìí, fetí sílẹ̀. Mi ò bínú sí 'ìwọ' tó pè mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé nígbà tó ń sọ ọ́, ohùn obìnrin ni mo gbọ́. Òkú ló ń ṣe alárinà ọ̀rọ̀ yín yìí. Alárinà a máa gba ẹ̀bùn tirẹ̀. Kí ni òkú fẹ́ gbà?"

Aránṣọ náà ti gbọ́ ohùn yẹn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án gangan, kí ọkùnrin náà sọ pé "Fi bàtà sẹ́sẹ̀," kí irun ọrùn Aránṣọ sì dìde, nítorí pé Oníbọ́tìnì gan-an ló sọ̀rọ̀. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé, ta ló ń fẹ́ mi gan-an? Ọkùnrin yìí ni, àbí ìyá rẹ̀? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé, ohun tí ọkùnrin náà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni, "Kí ni ìyá mi tún sọ fún ọ?" Aránṣọ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ti tún un sọ.

Lọ́jọ́ kan, ó dúró lójú ọ̀nà. "Bí o bá ń wò mí, ta lò ń rí?"

Ọkùnrin náà yíjú sí i. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Níbẹ̀rẹ̀, òun ni. Mò ń fi ọ́ ṣe ihò tí mò ń yọjú wò ó. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọkùnrin tó ń ta ápù fún ọ ní ṣéńjì tí kò pé, tí o di ojú níwájú rẹ̀, tí o ka ẹyọ owó náà lọ́wọ́, tí o ní kó mú èyí tó kù wá, kó má rò pé afọ́jú lòun ń bá tà? Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí mo fi délé. Mo ti bọ́ra tán kí n tó rántí pé mi ò béèrè ohun tí ìyá mi sọ. Ó dùn mí. Inú mi sì dùn. Láti ọjọ́ náà, ìwọ ni."

Aránṣọ fi ọwọ́ rẹ̀ bọ inú àpò kóòtù ọkùnrin náà, síbi tí ọwọ́ tirẹ̀ wà.

Ó ku bàbá ọkùnrin náà. Awakọ̀ ojú irin ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ń dá gbé nínú ilé kan tó mọ́ tónítóní, tó sì tutù. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn tó rí ojú Aránṣọ, ó di etí ilẹ̀kùn mú. Ní yàrá àlejò, àwòrán kan wà lára ògiri. Aránṣọ wò ó, ó sì jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ṣọ́ọ̀lù aláwọ̀ eérú náà nìyẹn. Ojú kan náà, ọjọ́ orí kan náà, bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á.

"Mi ò lè gbà kí ẹ fẹ́ra," ni bàbá wí. "Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Obìnrin tó bá ti ọ̀hún wá, ara rẹ̀ nìkan ló ń dúró tini. Ìyá ọmọ yìí, ọ̀nà ilé ló ń wò títí ó fi kú."

"Bàbá, ṣé ẹ jẹ́ kó lọ rí?"

Bàbá yíjú kúrò lára àwòrán náà. Aránṣọ mú bébà elétí kíká tí Ará Gíláàsì ti dá padà fún un jáde, ó gbé e sórí tábìlì. "Ó ní owó ọkọ̀ òun ni òun ń kó jọ. Ó ní ọkọ òun ní kí òun má kánjú."

Àgbàlagbà náà na ọwọ́ sí bébà náà, kò lè fọwọ́ kàn án. "Ìjọba pààrọ̀ owó lọ́dún yẹn," ló wí níkẹyìn. "Wọ́n fún gbogbo ènìyàn láàyè títí di ọjọ́ kan, kí kálukú gbé tirẹ̀ lọ sí báńkì. Ìyàwó mi kò lè ka ìwé ìròyìn wa. Èmi kà á. Mo ká a, mo jókòó lé e. Nígbà tó fi máa gbé páànù rẹ̀ lọ, wọ́n ní bébà lásán ni. Kò rí òpin òtútù ọdún náà."

Ọmọ rẹ̀ dìde. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Ṣé ó béèrè mi?" ni bàbá bi Aránṣọ.

Aránṣọ lè parọ́. Ó wo ẹ̀yìn ọkùnrin tó fẹ́ràn, kò sì lè ṣe é. "Rárá, bàbá. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nìkan ni ọkàn rẹ̀ wà."

Bàbá mi orí.

"Ẹ fún mi ní owó ọkọ̀ rẹ̀," ni Aránṣọ wí. "Tuntun. Irú èyí tí wọ́n ń ná lónìí. Bí ẹ ò bá fún un, mi ò lè wọ ilé yìí bí ìyàwó."

Bàbá wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìdìpọ̀ tó gbé jáde ju owó ọkọ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò tún rọ̀, Aránṣọ àti Ará Gíláàsì wọ ọ̀nà tóóró náà. Lójú ọkùnrin náà, ògiri ni. Ó ní Aránṣọ rìn lọ síbẹ̀ láìdúró, òjò ṣú bò ó, òun kò sì rí i mọ́. Lójú Aránṣọ, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, iná rẹ́súrẹ́sú sì ń jó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, owó ti yí padà," ló wí. "Ẹ di ojú."

Oníbọ́tìnì di ojú. Aránṣọ mú ìka rẹ̀ tó tutù, ó fi pa igun bébà tuntun náà. "Ìlà kan yọ sókè níbí, ṣé ọwọ́ yín bá a? Èyí tó kéré nìyẹn. Ìlà méjì, ó ju ìyẹn lọ. Wọ́n ti ṣe é fún àwọn tí kò ríran. Kò sí ìdí láti ká etí mọ́."

"N óò ká a bákan náà," ni Oníbọ́tìnì wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló fún mi?"

"Ọkọ yín ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tó yá, ó tún ń ká a lọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ọkùnrin gíga wo ni òjò ń pa níta yẹn?"

"Ọmọ yín ni. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ bi yín: ṣé ẹ̀yin lẹ yàn mí fún un?"

Oníbọ́tìnì rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kí o fi ẹrù tìrẹ rù mí? Bọ́tìnì ni mo tà fún ọ. Èyí tó kù, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣe é." Ó di ṣọ́ọ̀lù rẹ̀ mọ́ra. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Aránṣọ rí i tó dìde lórí àpótí. Iná kú. Nígbà tó lajú, ìró òjò gba etí rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ wà lára ògiri tútù, Ará Gíláàsì sì di apá rẹ̀ mú, ó ń pè é.

Wọ́n gbéyàwó nílé Aránṣọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ ìyàwó ti kọ́ "ẹ" dáadáa, débi pé ó ń fi í kí ewúrẹ́. Òun ló wá ń la àtẹ́lẹwọ́ fún ọlọ́jà, ìyàwó rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá bá wọn wá, ó ń dákẹ́ ṣáá. Ó ní òun fẹ́ rí àna òun, ìyá ìyàwó òun. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún ìyá náà láti ọdún wọ̀nyí pé ọmọ rẹ̀ ti kú.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n lọ. Ìyá arúgbó náà jókòó síwájú ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ ti fọ́. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti òwúrọ̀. Kó tó lanu, ìyá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ń sùn."

"Ọmọ yín wo, Ìyá?"

"Ọmọ mi tó lọ sókè òkun. Ó dé nígbà òjò. Ó rẹ̀ ẹ́ púpọ̀, ọ̀nà jìn." Ó yí ojú sí ibi tí bàbá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá kò tíì sọ ohun kan. "Ó ní ọkọ òun ń bọ̀. Ó ní kó bọ́ bàtà kó tó wọlé."

Aránṣọ tú u fún bàbá ní èdè rẹ̀. Awakọ̀ àtijọ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀. Ó wọ yàrá náà, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń dúró bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Oòrùn ti kúrò lórí ẹnu ọ̀nà kó tó jáde.

"Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọjọ́ tí bàbá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ owó náà nìyẹn. "Kí lẹ rí?"

Bàbá fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Ó jẹ́ kí n jókòó tì í," ló wí.